Epo Tí Kò Gbẹ Lọ́rùn Gìtá Ẹ̀gbọ́n Mi

Mi ò fẹ́ràn ohun tí kì í tètè gbẹ. Kí n ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń kà mí lè mọ irú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi fáníìṣì kun àga, ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì níwájú ilé bàbá wa ní Èjìgbò, fáníìṣì tèmi sì máa ń gbẹ kí n tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán. Bó bá gbẹ, á dán. Bó bá dán, oníbàárà á wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Bàbá wa ló kọ́ mi. Káfíńtà ni wọ́n, ọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì wà ní Àbíjàn nígbà tí wọ́n fi ayé sílẹ̀. Èmi obìnrin tí mo máa ń jókòó ti agolo fáníìṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ìsọ̀ náà wá bọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn káfíńtà ìlú ń kan nǹkan, wọ́n ń gbé e wá fún mi kí n bá wọn parí rẹ̀. Láàárọ̀ mo máa ń ti ilé ọkọ mi wá, nírọ̀lẹ́ mo máa ń padà.

Ọkùnrin kan ṣoṣo náà ni ẹ̀gbọ́n mi. Gìtá ni wọ́n fi jẹun ní Àbíjàn. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó bá ọkọ̀ lọ ń ta aṣọ àti ẹ̀yà ara mọ́tò, tiwọn ni kí wọ́n gbé gìtá kọ́ ọrùn, kí wọ́n máa ta okùn rẹ̀ fún àwọn tó ń jó. Ìyá wa kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Igi olóhùn ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi bá wá sílé lákòókò ọdún Iléyá, tí wọ́n bá jókòó sábẹ́ igi òdòdó, tí wọ́n bá ń ta á jẹ́jẹ́, ìyá wa kan náà ni yóò gbé àpótí wá jókòó, tí yóò ṣe bí ẹni pé ẹ̀wà ni òun ń ṣà.

Àìsàn ẹ̀gbà kọlu ẹ̀gbọ́n mi lọ́hùn-ún. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn gbé wọn bá ọkọ̀ wá sílé, àwọn àti gìtá. Apá òsì ni àìsàn náà mú. Ẹsẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kò gbọ́. Àwọn ìka ká wọlé, ọmọńdinrín ló sì burú jù nínú wọn, ó dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ọmọ tó ń tijú àlejò.

Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ o. Òsì ló mú, kò mú ọ̀tún. Ọ̀tún la fi ń jẹun, òun la fi ń kí èèyàn." Ẹ̀gbọ́n mi á mi orí, wọ́n á ní, "Àlùhàmúdùlílá." Ó ń ṣe mí bíi kí n lé gbogbo wọn síta. Kì í ṣe pé wọ́n parọ́. Wọn ò mọ iṣẹ́ ni. Nínú gìtá, ọ̀tún ni í ta okùn, òsì ni í wá ohùn. Bí ọ̀tún mọ̀ ọ́n ta ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí òsì kò bá tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá níbi tó yẹ, ariwo lásán ni. Ọwọ́ tí àwọn èèyàn ń dúpẹ́ pé àìsàn mú yìí ni gbogbo ayé ẹ̀gbọ́n mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí ìsọ̀. Gìtá wà lábíyá ọ̀tún wọn. Wọ́n gbé e lé orí tábìlì mi.

"Àbúrò, fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó ń lẹ̀. Fáníìṣì tó wà lára rẹ̀ ti gbó, òógùn ọdún pípẹ́ ti jẹ ẹ́, ó ti di bí ṣúgà tí omi kán sí.

"Nígbà tí ara mi le, mi ò kíyè sí i," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ní báyìí, bí mo bá gbé àtàǹpàkò lé e, ó lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Mi ò ní agbára tí mo fi máa fà á kúrò. Bá mi ha fáníìṣì yẹn kúrò lọ́rùn ẹ̀, kó o fi epo pa á."

"Epo wo, Bọ̀ọ̀dá mi?"

"Línsíìdì. Bẹ́ẹ̀ làwọn kan ń ṣe é ní Àbíjàn. Igi á mu ún. Kò ní dán, ṣùgbọ́n ọwọ́ á máa yọ̀ lórí ẹ̀ bó ṣe wù ú."

"Kò ní dán? Ṣé ẹ fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ní Èjìgbò ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló ń rín in. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tó gba oorun lójú mi. Wọ́n ní bí epo náà bá ti gbẹ, àwọn máa so okùn mọ́ gìtá, àwọn á gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ kò bá gbọ́, ọkọ̀ Àbíjàn máa gbéra ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á fi gìtá náà rán dírẹ́bà sí ọ̀rẹ́ àwọn tí àwọn jọ ń ṣeré.

"Mi ò lè máa wò ó lára ògiri, àbúrò. Ó ń dà bí ìgbà tó ń pè mí, tí mi ò lè jẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n má wí bẹ́ẹ̀, pé Ọlọ́run kì í sùn, ṣùgbọ́n gbogbo aládùúgbò ti sọ ìyẹn tán. Mo kàn ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Ẹ̀rù iṣẹ́ náà bà mí. Bí mo bá ba àga jẹ́, mo lè bẹ káfíńtà kó kan òmíràn. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀ nítorí gìtá? Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí nígbà tí mo ń tú àwọn okùn náà. Bí ọwọ́ mi bá ti fẹ́ yá, wọ́n á ní, "Dúsúmọ́, dúsúmọ́," ìyẹn ni pé kí n rọra. Wọ́n ní bí mo bá dẹ gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọrùn lè wọ́. Mo rọra. Mo fi sẹ́lótéèpù bo ibi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá, kí n má baà ha ibi tí wọn ò ní kí n ha. Lẹ́yìn náà ni mo mú sáńpépà, mo ń fà á ní òòró, síbi tí igi náà dojú kọ, láti orí wá sísàlẹ̀, fáníìṣì náà ń bọ́ sílẹ̀ bí èépá. Igi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ní ibì kan, ó dúdú. Mo gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, mo rí i pé ibi tí àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n mi máa ń wà ni, òógùn ti wọnú igi lọ. Mi ò ha ibẹ̀ jù. Mo fò ó bí ẹni ń fo ẹni tó sùn sí ẹnu ọ̀nà.

Mo ra línsíìdì lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ọ̀dà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìwó. Iṣẹ́ epo kò jọ iṣẹ́ fáníìṣì rárá. Fáníìṣì, èèyàn á kùn ún, á fi í sílẹ̀. Epo, èèyàn á fi àkísà síńgílẹ́ẹ̀tì tó mọ́ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, á dúró kí igi mu ohun tó lè mu, lẹ́yìn náà á mú àkísà gbígbẹ, á nu gbogbo èyí tó kù kúrò, títí yóò fi dà bí ẹni pé kò fi nǹkan kan sí i. Á wá gbé e kọ́, á dúró di ọjọ́ kejì, á fi sáńpépà tó kúnná jù lọ kàn án lẹ́sẹ̀ kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn mí láti máa nu ohun tí mo fi owó rà. Àkísà rẹ̀ pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Bí wọ́n bá ká a jọ sórí eruku igi, ó lè fúnra rẹ̀ gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Bàbá wa ti kìlọ̀ ìyẹn fún mi láti kékeré. Nítorí náà mo máa ń tẹ́ ẹ sí orí ọgbà, mo sì máa ń ti ilé ọkọ mi rántí rẹ̀, kí n máa bi ara mi pé ṣé mo tẹ́ ẹ àbí n kò tẹ́ ẹ.

Mo pa epo náà sí ẹ̀yìn ọrùn, mo sì pa díẹ̀ sí ojú rẹ̀ níwájú, níbi tí igi dúdú wà láàárín àwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn náà. Mo fi wáyà gbé gìtá náà kọ́ ìṣó nínú yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Mo lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń lẹ̀.

Mo ní òjò ni. Ìgbà òjò ni lóòótọ́, aṣọ tí a sá pàápàá kò gbẹ. Mo fi àkísà tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì nù ún, mo jẹ́ kó fẹ́ afẹ́fẹ́, mo tún fi epo mìíràn sí i, èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún ń lẹ̀. Ó tiẹ̀ burú sí i, ó ń yọ̀ lórí, ó ń lẹ̀ lábẹ́. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Àga tí wọ́n gbé wá láti Másífà wà nílẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Oníǹkan ń pè mí lórí fóònù, mo ń sọ pé ó ti fẹ́ parí. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi á yọjú sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, wọ́n á ní, "Ó ti gbẹ?" Màá ní, "Kò tíì gbẹ, sà." Wọ́n á mi orí, wọ́n á yí padà. Mi ò mọ̀ bóyá ó dùn wọ́n ni àbí ara ló tù wọ́n.

Kí n má parọ́ fún ẹnikẹ́ni, èmi náà kò mọ èwo ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí ó gbẹ nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mi ò sì fẹ́ kí ó gbẹ nítorí pé ọjọ́ tó bá gbẹ ni ẹ̀gbọ́n mi yóò gbìyànjú. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi: ọ̀tún á ta okùn, òsì kò ní lè tẹ̀ ẹ́, ohùn burúkú kan á jáde, ìyá wa á máa wo ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á sì dì í sínú àpò rẹ̀. Bí mo bá ti ro ó dé ibẹ̀, màá dìde, màá tún lọ fọwọ́ kan ọrùn gìtá.

Mo bínú lọ bá ìyá ọlọ́dà. Mo ní òróró ni wọ́n pò mọ́ línsíìdì fún mi. Wọn kò bá mi jà. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti fi kan igi mìíràn wò?" Mi ò fi kàn. Mo fi ìtìjú padà sí ìsọ̀, mo mú àjákù pákó kan, mo ha á, mo fi epo kan náà pa á, mo sì gbé e kọ́ ìṣó kan náà pẹ̀lú gìtá. Fèrèsé kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà.

Àjákù pákó náà gbẹ. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kàn án, kò lẹ̀ rárá. Ọrùn gìtá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń lẹ̀ bí ti àná.

Ìgbà yẹn ni mo gbé e sún mọ́ imú. Mo gbóòórùn línsíìdì, mo gbóòórùn kẹrosíìnì, lábẹ́ méjèèjì mo gbóòórùn nǹkan kan tí gbogbo ọmọ ilé wa mọ̀ láti ẹ̀yìn tí wọ́n fi pọ̀n wọ́n. Òrí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Láàárọ̀ lẹ́yìn àsùbáà àti lálẹ́ lẹ́yìn ìṣáì, ìyá wa máa ń yọ́ òrí nínú àwo kékeré, wọ́n á máa fi ra ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé èékánná. Wọ́n á na ìka kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa ṣe àdúà sí i. Òrí kì í gbẹ láéláé. Ohun tí a fi ń pa ara kí ó má baà gbẹ ni. Bí ó bá kan línsíìdì tí kò tíì dì, epo náà kò ní dì mọ́.

Inú bí mi. Mo gba àgbàlá kọjá lọ bá ìyá wa níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ òrí kan gìtá Bọ̀ọ̀dá mi?"

"Èmi?" Ìyá wa gbójú sókè. "Kí ni mo fẹ́ fi igi olóhùn ṣe? Ṣé mo fẹ́ lọ máa ṣeré fún àwọn ọmọ Àbíjàn ni?"

"Òrí ló wà lára ẹ̀, Ìyá mi. Iṣẹ́ mi ló ń bàjẹ́."

"Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mò ń fi òrí ra, mi ò fi ra igi. Iṣẹ́ tèmi gan-an ńkọ́? Láti ìgbà tí mo ti ń na ọmọńdinrín yẹn, ṣé ó gbọ́ tẹnìkan? Ìwọ ń sunkún pé nǹkan rẹ kò gbẹ, tèmi kò rọ̀." Wọ́n padà sí ẹ̀wà wọn. "Ìkánjú ti pọ̀ jù lára rẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo padà sí yàrá ẹ̀yìn. Mo mú àkísà kẹrosíìnì láti tún nu ọrùn gìtá náà, bí mo ti ń nù ún ní gbogbo àárọ̀. Ìbínú kì í jẹ́ kí n wo nǹkan, nínù ni mo máa ń nù ún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá wa ti gba agbára díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo gbé gìtá náà sí fèrèsé, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí oòrùn àárọ̀ lè tàn sí i lára.

Ẹ̀yìn ọrùn ni mo kọ́kọ́ rí. Àmì àtàǹpàkò kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀, ó dúró ṣinṣin, orí ibi dúdú tí mo fò nígbà tí mò ń ha á gan-an ló wà. Mo yí gìtá padà. Lójú ọrùn níwájú, láàárín àwọn irin wẹ́wẹ́, àwọn àmì ìka wà nínú epo náà. Wọn kò tò sójú kan náà. Ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan sún síwájú, bí ìka ẹni tó ń tẹ okùn tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Láàárọ̀, bí ìyá wa bá ti ra ọwọ́ wọn tán, kí èmi tó dé láti ilé ọkọ, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn wá sí yàrá yìí, wọ́n ń gbé gìtá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń dán an wò. Gìtá tí kò ní okùn kò lè jẹ́ kí ará ilé gbọ́ pé ọwọ́ kò ṣe é.

Mo ka àwọn àmì náà. Mo tún un kà. Àmì kékeré kan wà níkẹyìn, ó dá dúró lọ́nà jíjìn díẹ̀ sí àwọn yòókù, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Kò fà, kò wọ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó sì gbé ọwọ́ kúrò.

Ọmọńdinrín ni.

Mo jókòó sórí àjákù pákó. Omi bọ́ lójú mi.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ìró ọ̀pá. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, fìlà ìrun wà lórí wọn. Wọ́n rí gìtá lọ́wọ́ mi, wọ́n rí i bí mo ṣe gbé e sínú oòrùn. Kíá ni wọ́n ki ọwọ́ òsì bọ inú àpò jalabíà, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Òrí ṣì ń dán lọ́rùn ọwọ́ wọn.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Káàárọ̀, àbúrò." Wọ́n wo gìtá, wọ́n wò mí. "Ó ti gbẹ?"

Ẹ̀rù wà lójú wọn. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo rò pé ìkánjú ni. Ẹ̀rù tó wà lára mi náà ló wà lára wọn. Bí mo bá ní ó gbẹ, a ó so okùn mọ́ ọn lónìí, wọn yóò sì gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n ti fi ẹnu ara wọn dá.

"Kò tíì gbẹ, sà."

"Ọ̀la ni ọkọ̀ máa lọ."

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Línsíìdì kì í ṣe fáníìṣì, a kì í kán an lójú. Bó bá ṣe wù ú kó pẹ́ tó, màá máa pa á."

Wọn kò sọ pé àwọn mọ ohun tí mo mọ̀, èmi náà kò sọ ọ́. "Mèsí, àbúrò, o ṣeun," ni wọ́n wí, wọ́n sì yí padà, ọ̀pá ń dún lọ nínú àgbàlá.

Mo fa ìṣó tí gìtá máa ń kọ́ sí yọ, mo kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí ẹni tó jókòó sórí àpótí lè nawọ́ dé. Mo gbé àpótí kan síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo dé ìsọ̀ nígbà tí àwọn èèyàn ń ru ẹrù lọ síbi ọkọ̀ Àbíjàn. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn. Ọrùn gìtá tún ti kún fún òrí. Mo gbé e sí fèrèsé, mo wá àmì kékeré náà níbi tó wà lánàá, kò sí níbẹ̀. Ó ti ṣí lọ sí àárín irin mìíràn, ó sún mọ́ orí gìtá sí i, níbi tí àwọn irin ti jìnnà síra jù, tí ìka ti ní láti nà sí i. Mo mú àkísà, mo nù ún, mo sì tún fi epo mìíràn sí i.